Iyùn Alààyè Ni Mo Sìn ní Sókótó, N Kò Sin Ẹja

Ní oṣù tó kọjá, ìjọ wa níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì wá sọ iṣẹ́ tí a ṣe láyé fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò yàn. Wọ́n pe tíṣà, wọ́n pe nọ́ọ̀sì, wọ́n pe ẹni tó wa ọkọ̀ epo. Nígbà tó kàn mí, ọ̀dọ́kùnrin tó di gbohùngbohùn mú ní, "Ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún Bàbá Oyèdélé, tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn sin ẹja ní Sókótó!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí n tó la ẹnu, ọmọbìnrin kan ti na ọwọ́ sókè, ó fẹ́ mọ̀ bóyá èrè wà nínú ẹja àrọ̀. Mo jókòó padà. Inú bí mi débi pé ìyàwó mi ní láti di apá mi mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. N kò sin ẹja rí láyé mi. Kò sí ẹyọ ẹja kan nínú omi tí mo tọ́jú, a kò sì fẹ́ kó sí.

Iyùn ni mo sìn. Ẹ mọ iyùn, èyí tí wọ́n ń fi sọ́rùn ọba. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀ ni pé ẹranko ló ń kọ́ ọ sínú òkun, bí ikán ṣe ń kọ́ ògán. Ẹranko náà kéré gan-an. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ á so mọ́ra, wọn á máa fi nǹkan funfun kọ́lé sábẹ́ ara wọn. Irú tiwa kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lu níhò ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ìbátan rẹ̀ ni. Òmíràn rí bí olú, òmíràn rí bí ìka ọwọ́. Àwọ̀ èèpo obì ni àwọn kan, àwọn kan ní àwọ̀ ewé ilá. Tí ọkàn wọn bá balẹ̀, wọn á na ọwọ́ tín-ín-rín síta láti ara ilé wọn. Tí o bá ta ìka lé gíláàsì lójijì, wọn á kó ọwọ́ wọn wọlé. Ohun tó ń bẹ̀rù, ṣé òkúta ni? Ẹ dá mi lóhùn!

Bí mo ṣe dé Sókótó kò gùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ilé búrẹ́dì ní Kofar Kware, mo sì lọ bá a níbẹ̀ nígbà tí àwọn ológun ń múra láti gbé ìjọba fún alágbádá. Iná ilé búrẹ́dì kò bá mi lára mu. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan gbà mí láti máa fọ ìgò nínú yàrá sáyẹ́ǹsì wọn, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó ohun tí mo lè fi gbà yín ní ìyànjú. Àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn kí n tó fẹ̀yìn tì, sítọ̀ ni wọ́n fi mí sí, mò ń kó àga àti ṣọ́ọ̀kì síta, mò ń kó wọn wọlé. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ayé mi. Iṣẹ́ ayé mi ni ohun tó wà láàrin méjèèjì.

Ìyáàfin Ọ̀dúnsì ló kọ́ mi. Ará Ìjẹ̀bú ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá wò ọ́, wàá rántí gbogbo ohun tí o kò ṣe. Òun ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Ìlú kan létí òkun ló ti kàwé lókè òkun, ó sì ń dùn ún pé àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní Sókótó, tí ọ̀pọ̀ wọn kò rí òkun rí, àwòrán nìkan ni wọ́n fi ń mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ da ilé ẹ̀kọ́ láàmú títí wọ́n fi gbà kí wọ́n kan àpótí gíláàsì ńlá kan fún un. Ó ra iyọ̀ òkun oníyẹ̀fun láti òkè òkun, ó pò ó mọ́ omi òjò. Alájì kan tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀sìn ní ilé ẹ̀kọ́ náà ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yẹn, Ìyáàfin sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun bu iyùn alààyè láti etí òkun Jẹ́dà, kó fi wọ́n sínú fúláàsì ẹlẹ́nu gbòòrò.

Alájì ṣe é, kí Ọlọ́run san án fún un. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń ti Jẹ́dà bọ̀ tó gbé fúláàsì dání tí àwọn èèyàn kì í rò pé omi mímọ́ Samusamu ló wà níbẹ̀. Nígbà tí Alájì fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti tọrọ. Àgbàlagbà kan ti bu díẹ̀ mu kí Alájì tó rí i. Wọ́n ní ṣe ló tu ú dànù tó sì lanu pé, "Haba! Wannan ba Zamzam ba ne!" Ó ní èyí kì í ṣe Samusamu. Omi òkun ló mu. Èmi bínú nítorí omi tó tu dànù.

Ìyáàfin fi mí ṣe ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má rò pé ó fún mi níṣẹ́ kankan ṣe. Fún ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ tó gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n jókòó síwájú gíláàsì ní àràárọ̀, kí n wò, kí n wá sọ fún un èyí tó la ọwọ́ àti èyí tó pa á dé. Mo bínú gan-an. Mo ti fi ilé búrẹ́dì sílẹ̀ torí kí n lè kọ́ṣẹ́ gidi, obìnrin yìí ní kí n máa wo omi! Tí mo bá wá sọ fún un pé gbogbo wọn là, á wá wò ó fúnra rẹ̀, á na ìka sí ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ tí kò là. "Padà lọ jókòó," ohun tó máa sọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ gbọ́ lẹ́nu mi, òkúta ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo pè wọ́n bẹ́ẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Oyèdélé, ṣé o rí igi dọgọyárò yẹn?"

"Mo rí i, mà."

"Òkúta pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Lọ jókòó tì wọ́n. Tí o bá ti rí ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn àti èyí, kí o padà wá."

Oòrùn Sókótó nìyẹn o. Mo jókòó níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́ ní Háúsá pé, "Sannu da aiki," wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo padà wọlé, mo sọ fún un pé àwọn ti ìta kò dàgbà láti àárọ̀. Ó ní àwọn ti inú náà kò dàgbà tí ojú lè rí, ṣùgbọ́n kí n ní sùúrù, kí n dúró títí ọdún á fi yípo.

Òfin ọwọ́ ló le jù. Ọṣẹ kò gbọdọ̀ kan ọwọ́ tí yóò wọ inú omi rẹ̀, ìpara kò gbọdọ̀ kàn án, òróró kò gbọdọ̀ kàn án. Iyanrìn àti omi gbígbóná la fi ń fọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fín oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá náà, wọn kò sì gbọdọ̀ jó tùràrí síbẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo dé, kí n tó sún mọ́ ọn ó ti gbóòórùn mi.

"Kí lo jẹ lánàá?"

"Súyà ni, mà."

"Ọwọ́ wo lo fi jẹ ẹ́?"

"Ọwọ́ ọ̀tún, mà."

"Ọwọ́ òsì nìkan ni wàá fi ṣiṣẹ́ lónìí."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òde òní, ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo rò ó lọ́pọ̀ ìgbà pé kí n padà sí ilé búrẹ́dì. Ohun tó dá mi dúró ni pé lẹ́yìn tí ọdún yípo, ó fi ìka hàn mí ibi tí ọ̀kan nínú àwọn oníka ti yọ ìka tuntun, kékeré, tí orí rẹ̀ ṣì mọ́ láwọ̀ wàrà. Èmi ni mo kọ́kọ́ yẹ kí n rí i, n kò rí i. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi kí n jókòó.

Ìdí tí kò fi sí ẹja níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó tán pátápátá. Ẹja ń jẹun, ẹja ń yàgbẹ́, ẹja ń fa afẹ́fẹ́ inú omi. Nínú ooru Sókótó, pẹ̀lú iná mànàmáná tó ń lọ nígbà tó bá wù ú, ẹja díẹ̀ á ba omi náà jẹ́ mọ́ iyùn lára. Ìmọ́lẹ̀ ni iyùn ń fi ṣe ọ̀pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Ìgbín òkun kéékèèké nìkan la fi sí i, wọ́n ń jẹ ewé omi tó ń hù lára gíláàsì. Ó tán. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wọ yàrá náà tí kò bèèrè. Akọ̀wé wá, "Ina kifin?" Ẹja dà? Agbálẹ̀ wá, "Ina kifin?" Ọ̀gá kan láti iṣẹ́ ọba wá, ó tẹjú mọ́ àpótí náà títí, ó sì sọ fún Ìyáàfin pé àwọn yóò padà wá wò ó nígbà tí ẹja bá dé.

"Ẹja ò ní í dé," Ìyáàfin ló dá a lóhùn. "Ohun tẹ́ ẹ wá wò lẹ ń wò yẹn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bá ṣeré. Ó wù mí kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nídìí.

Ẹ bi mí nípa irinṣẹ́. Ohun tí ẹ ń rà lónìí tí ẹ sì ń kì mọ́ iná, ọwọ́ la fi ń ṣe é. Tí iná bá lọ, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi á dákẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, igbá ni mo fi ń bu omi náà sókè, tí mo ń dà á padà, títí apá mi á fi kú. Lẹ́yìn náà ni mo bá fọkánáísà ọmọ Ọ̀yọ́ kan ní Kofar Kware sọ̀rọ̀. Ó fún mi ní tíúbù táyà lọ́rì, ó fún un ní afẹ́fẹ́ kíkún, mo fi rọ́bà tín-ín-rín sí ẹnu rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Nígbà tó yá, bátìrì lọ́rì la ń lò, lẹ́yìn rẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ dé. Inú mi dùn sí jẹnẹrétọ̀ náà, ṣùgbọ́n tíúbù yẹn kò jẹ epo rí, kò sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́ rí.

Ooru ló le ju gbogbo rẹ̀ lọ. Tí oṣù kẹrin bá dé, omi á máa gbóná bí omi ìwẹ̀, iyùn kò sì lè fara dà á. Ìyáàfin ló gbìmọ̀ àmù. Àmù ńlá tí àwọn ará ibẹ̀ ń pọn omi mímu sí, tó ń làágùn tí inú rẹ̀ ń tutù, ni a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. A ká rọ́bà omi sínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ ń ti omi òkun gba inú rọ́bà náà kọjá, ó ń bọ́ sínú àpótí ní tútù. Mo máa ń fi àpò ọ̀gbọ̀ tútù wé àmù náà. Bí a ṣe fi amọ̀ Sókótó gba ẹ̀mí ohun òkun là nìyẹn, kò sì sí ẹni tó fún wa ní ìyìn kankan.

Nígbà tó yá, ìjọba ológun padà dé, wọ́n há ìlẹ̀kùn mọ́ ọjà òkè òkun, iyọ̀ oníyẹ̀fun kò wọlé mọ́. Ìyáàfin ní àbúrò kan ní Èkó. Ẹ sì mọ̀ pé àlùbọ́sà Sókótó ni Èkó ń jẹ. Àbúrò rẹ̀ ń bu omi òkun sínú kẹ́ẹ̀gì, ó ń kó o fún àwọn mọ́tò alálùbọ́sà tó ń padà sókè. Ó dára, àbí? Ó dára títí di ọjọ́ tí dẹ́rẹ́bà kan tó ń jẹ́ Garba dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì tó ṣófo. Mọ́tò rẹ̀ ti gbóná lọ́nà, ó sì ti da omi wa sínú rédíétọ̀. Mo figbe ta.

"Garba, omi òkun ni!"

"Omi ni," ó wí ní Yorùbá Èkó tí kò gún régé. "Mọ́tò ń ku, mo fun un ni omi. Ki lo de?"

Iyọ̀ ti jẹ rédíétọ̀ náà kó tó wọ Sókótó, òun náà sì bú mi pé omi burúkú ni mo ń rà. Títí dòní, tí mo bá rí mọ́tò alálùbọ́sà, ara mi á kọ́kọ́ gbóná.

Lẹ́yìn náà ni Ìyáàfin lọ. Ọkọ rẹ̀ ní ilé ìtajà oògùn ní Ìjẹ̀bú-Òde, ara rẹ̀ kò sì le mọ́, ó ní láti lọ bá a. Ní ọjọ́ tó ń lọ, kò sunkún. Ó ní kí n sọ orúkọ gbogbo iyùn inú àpótí fún òun, mo sọ ọ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ọwọ́ ẹ ni wọ́n wà," ó wí. "Má jẹ́ kí wọ́n kú, Oyèdélé."

"Wọn ò ní kú sí mi lọ́wọ́, mà."

Mo sọ ọ́ láti inú ọkàn mi wá. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ láyé nígbà náà ju kí n mú ìlérí yẹn ṣẹ.

Ọ̀rẹ́ kan wà tí a jọ ń gbé nínú ilé kan náà ní Gagi. Ganíù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin, ó ń tún fíríìjì ṣe ní Kofar Marke. Gbogbo fíríìjì ilé ẹ̀kọ́ wa, òun ló ń tún wọn ṣe, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti ń wá. Ọlọ́yàyà èèyàn ni. Kò lè rí ohun tó bàjẹ́ kó má fọwọ́ kàn án. Ó máa ń wá wò mí lẹ́nu iṣẹ́, á sì máa fi àmù mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé ìyá àgbà ni mo sọ yàrá sáyẹ́ǹsì dà.

Ní oṣù kẹrin ọdún kan, ibà gbé mi dè. N kò lè dìde. Mo bẹ Ganíù pé tó bá ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kó máa bá mi fi omi sí àpò ara àmù. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ganíù lọ, ó fọwọ́ kan omi inú àpótí, ó rí i pé ó ń gbóná díẹ̀, àánú mi ṣe é. Ó yọ rọ́bà inú àmù sọnù. Ó mú páìpù bàbà tó yọ lára fíríìjì ńlá kan, ó fi iyanrìn ha á títí ó fi ń dán bíi wúrà, ó ká a sínú àmù, ó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ. Bàbà ń gba òtútù ju rọ́bà lọ. Gbogbo àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ara mi yá tí mo padà dé, omi tutù. Páìpù pupa náà ń kọ mànà lẹ́nu àmù. Ganíù dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí: mo dúpẹ́! Mo dì mọ́ ọn, mo ṣàdúrà fún un, mo ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ rọ. Èmi Oyèdélé ni mo fi ẹnu mi ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìgbín ló kọ́kọ́ já bọ́ láti ara gíláàsì. Lẹ́yìn náà ni àwọn iyùn pa ọwọ́ dé, wọn kò sì là mọ́. Ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí omi ilá. Mo wo ìmọ́lẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Mo wo afẹ́fẹ́, ó ń fẹ́. Mo sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo tò sídìí tẹlifóònù títí wọ́n fi bá mi rí ilé ìtajà oògùn ọkọ Ìyáàfin.

"Ẹ káàárọ̀ o, mà. Oyèdélé ni, láti Sókótó."

"Kí ló ṣe wọ́n?" Kò dúró kí mi padà.

"Wọ́n ti pa ọwọ́ dé, mà. Ìgbín ti kú."

"Ṣé omi gbóná ni?"

"Rárá, mà. Ó tiẹ̀ tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Kí ló mú un tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?"

"Ganíù bá wa fi páìpù bàbà sínú àmù, mà."

Ó yára bi mí léèrè.

"Oyèdélé, ṣé omi wọn ń gba inú bàbà náà kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Yọ ọ́! Máa sáré lọ yọ ọ́! Májèlé ni bàbà jẹ́ fún wọn. Da omi yẹn nù, kí o fi tuntun sí i."

"Omi tuntun kò sí nílẹ̀, mà. Mọ́tò kò tíì dé."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Gbogbo nǹkan ni mo sọ fún ẹ. Mi ò sọ ìyẹn. Ta ló máa rò pé ẹnì kan á fi bàbà sínú omi òkun ní Sókótó?"

Mo sáré padà, mo gé páìpù náà. Ó ti pẹ́ jù. Ẹran ara àwọn iyùn ń ṣí kúrò bí èèpo ara tòmátì tí wọ́n bọ̀, ó ń léfòó. Èyí tó rí bí olú kú, àwọn oníka kú, èyí tó yọ ìka tuntun lójú mi kú. Ohun tó ṣẹ́kù ni ilé wọn, funfun gbòò. Mo jókòó síwájú gíláàsì, mo sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí Ganíù dé, mo bú u. N kò lè kọ ohun tí mo sọ. Òun náà kò dákẹ́.

"Páìpù tí mo fi ọwọ́ ara mi ha, tí mo lè fi tún fíríìjì ẹlòmíràn ṣe, mo fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Wallahi, Oyèdélé, o wá ń bú mi nítorí òkúta?"

Òkúta! Ganíù, tó ti rí mi pẹ̀lú wọn láti ọjọ́ pípẹ́ wá! Mo lé e jáde. Mo búra nínú ara mi pé n óò fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kò sì ní í wọ ẹnu ọ̀nà wa mọ́, kó lọ wá fíríìjì ibòmíràn tún ṣe. Láti ìgbà náà, inú ilé kan náà ni a ń gbé, n kò sì kí i. Tó bá wọlé, mo ń jáde.

Ọjọ́ àlejò ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Mo ní kí ọjọ́ náà kọjá, tó bá di ọjọ́ Ajé, n óò lọ bá ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ló kọ́kọ́ wá bá mi. Ó wọ yàrá sáyẹ́ǹsì, ó rí àpótí, inú rẹ̀ dùn.

"Oyèdélé! Báyìí ló yẹ kó ti rí tipẹ́tipẹ́! Wò ó bó ṣe mọ́! Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

Ó ní kí wọ́n gbé àpótí náà lọ sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, kí wọ́n tan iná sí i lórí. Lọ́jọ́ àlejò, gbogbo èèyàn ń dúró níbẹ̀. Àwọn tí kò dúró wo iyùn alààyè rí láàrin gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n dúró wo egungun wọn. Wọ́n ń sọ pé ó lẹ́wà, pé ó funfun bíi wàrà. Ẹ wá wo ojú mi! Nígbà tí wọ́n wá ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀bùn, wọ́n pe orúkọ mi. Wọ́n ní ẹ̀bùn ìmọ́tótó ni, aago ògiri. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo gun orí pèpéle. N kò gba aago náà. Mo kọjú sí àwọn èèyàn, mo sì sọ ọ́ kíkan.

"Ẹ jọ̀ọ́, òkú lẹ ń yìn. Ohun abẹ̀mí ni wọ́n, wọ́n ti kú. Gbogbo wọn pátá ló ti kú!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ sí i. Wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà. Ọ̀gá fi aago náà sí mi lápá, ó gbá mi léjìká. Mo gbé e kalẹ̀ sórí àga àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé, mo jáde.

Ganíù wà nílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà, ó wá ṣọ́ fíríìjì tí wọ́n kó ohun mímu àlejò sí lẹ́yìn gbọ̀ngàn. N kò mọ̀ pé ó gbọ́ mi. Mo ti dé abẹ́ igi nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó ṣí fìlà lórí. Kò wo ojú mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe níwájú ẹni tí èèyàn kú fún.

"Oyèdélé," ó wí, "ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, kò sí ẹni tó kí mi. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n kí mi kú oríire. Ẹni tó pa wọ́n ló wá kí mi kú ọ̀fọ̀.

"Mo gbọ́ ohun tí o sọ nínú gbọ̀ngàn lọ́ùn-ún," Ganíù ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run ó tù yín nínú."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ ohun tí a fi ń dá irú ìkíni bẹ́ẹ̀ lóhùn, kò sì sí bí mo ṣe lè dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ tán kí n tún lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé. Ganíù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú tún bí mi sí i pé ó fi ẹ̀kọ́ ilé dè mí lọ́wọ́. Mo dúró. Ó wà lórí ìbẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, kò dìde, oòrùn sì ń pa á lórí. Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n tún ń pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn.

"A dúpẹ́," mo wí. "A ò ní fi irú ẹ̀ san án fún ẹ, Ganíù."